Ọmọ mọ̀wé lẹ́nu, ìdánwò ló ń dà á láàmú: ìbéèrè òbí lórí dyslexia àti GCSE

Ìbéèrè: Ọmọ mi wà ní Year 10 níbí ní London. Bí ẹ bá bi í léèrè lẹ́nu, á sọ ọ́ geere. Ẹ gbé ìwé ìdánwò fún un, kò ní parí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni.

Ìdáhùn: Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní olódo. Ẹ ṣí ìdánwò tó ṣe kẹ́yìn wò. Bí ìdáhùn iwájú bá dáa, tí ti ẹ̀yìn wá ṣófo, àkókò ló tán, kì í ṣe ìmọ̀. Ọmọ tó ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà àti kíkọ nira fún èèyàn bó tilẹ̀ ní òye, lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé e, aago kò sì ní dúró dè é. Ẹ mú ìwé yẹn lọ bá SENCo, olùkọ́ tó ń bójú tó irú ọ̀rọ̀ báyìí nílé ìwé. Ẹ má dúró di Year 11, ọdún tí wọ́n ń ṣe GCSE, ìdánwò àṣekágbá.

Ìbéèrè: A ti sanwó fún onímọ̀ kan níta, ó kọ̀wé pé dyslexia ni. Ilé ìwé ní kò tó láti fi gba ìrànlọ́wọ́ fún un nínú ìdánwò.

Ìdáhùn: Ó dunni, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n òfin JCQ, àwọn tó ń ṣètò ìlànà ìdánwò, ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó ẹ̀rí jọ láti ẹnu àwọn olùkọ́, kí ẹni tí ilé ìwé fọwọ́ sí sì yẹ ọmọ wò, kì í ṣe ṣáájú Year 9. Ẹ bi ilé ìwé léèrè kẹ́ ẹ tó náwó.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n lè fún un?

Ìdáhùn: Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni àfikún 25%: ìdánwò wákàtí méjì á di wákàtí méjì àbọ̀. Wọ́n lè fún un ní ẹni tí á máa ka ìbéèrè sí i létí, tàbí kọ̀ǹpútà láti fi tẹ ìdáhùn. Ẹ kíyè sí ibì kan o: ní apá ìwé kíkà nínú English Language, èèyàn kò gbọ́dọ̀ kà á fún un, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tàbí bíìrò tó ń kàwé (reading pen, èyí tí wọ́n ń fà lórí ọ̀rọ̀ kó lè kà á sókè) lè kà á. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan bíìrò yẹn rí títí di ọjọ́ ìdánwò á kàn máa bá a jà ni.

Ìbéèrè: Ojú ń tì í, kò fẹ́ lo àfikún àkókò.

Ìdáhùn: Ẹ bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́, torí bí kò bá lò ó, wọ́n lè gbà á padà. Ní ìdánwò kíláàsì, kí ó fi bíìrò aláwọ̀ mìíràn kọ̀wé nígbà tí àkókò àwọn yòókù bá ti pé. Á fojú ara rẹ̀ rí máàkì tó wà nínú ìlà aláwọ̀ yẹn, olùkọ́ náà á sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́.