Ẹ̀yin tó ń gbèrò Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ ka èyí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, ṣùgbọ́n ọlidé ti dé tán, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo omi Olúmirin, omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Láti Iléṣà, ẹ wọ mọ́tò Àkúrẹ́, kí ẹ sọ fún dírẹ́bà pé oríta Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà lẹ ó ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀kadà á gbé yín débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ sílípáàsì! Ìpele 7 ni omi yẹn ní. Ti ìsàlẹ̀ ò le, ọmọdé náà á débẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, gbòǹgbò igi lẹ ó máa dì mú, lórí àpáta tútù tó ń yọ̀ bí ilá. Kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì jẹ ni kí ẹ wọ̀. Kí àwọn ìyá àgbà jókòó sísàlẹ̀ jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ omi yẹn nìkan tó ìgbádùn.

Lásìkò òjò, omi máa ń pọ̀ gan-an. Bí ojú ọ̀run bá ṣú lórí òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá, bí òjò ò tilẹ̀ tíì kán sí yín lára.

Ẹ fi nylon wé fóònù, kí ẹ mú kéèṣì dání, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ọlọ́kadà tó bá gbé yín lọ, kó lè padà wá gbé yín nírọ̀lẹ́.