Bẹ́ ẹ ṣe máa fi léètì gé ẹnu páìpù férémù kẹ̀kẹ́ láìfara pa

Léètì ni máṣìnì tó ń yí irin tàbí irinṣẹ́ bìrìbìrì, òun la fẹ́ fi gé ẹnu páìpù kan kó lè jókòó dáadáa sára páìpù míì. Páìpù tí wọ́n fi ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ kì í ṣe páìpù omi o. Chromoly 4130 (irú irin kan tó lágbára) tó dáa, ara ẹ̀ lè máà ju 0.9 mm lọ níbi orí, kó tún wá fẹ́lẹ́ dé 0.6 mm láàárín, torí náà tẹ́ ẹ bá fún un jù, á tẹ̀, tẹ́ ò bá sì fún un dáadáa, á yí bìrí nígbà tí holesaw, ìyẹn ayùn roboto tó ń lu ihò, bá bù ú jẹ, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ti ń fara pa.

Kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan, ẹ bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti ṣéènì ọrùn, ẹ ká apá aṣọ kọjá ìgúnpá, ẹ kó irun sínú fìlà, ẹ wọ awò tó ń dáàbò bo ojú. Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Rárá o! Èèyàn á rò pé ààbò ni, àmọ́ tó bá ti há sára nǹkan tó ń yí, tọwọ́ tìbọ̀wọ́ ló máa wọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá igi líle, ẹ lu ihò tó bá páìpù yín mu gẹ́lẹ́ sí i, kẹ́ ẹ wá là á sí méjì gba àárín ihò yẹn. Àárín igi méjèèjì ni páìpù máa wà kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ apá léètì tó ṣeé tì síwájú sẹ́yìn. Holesaw ló máa wà nínú chuck, ìyẹn apá léètì tó ń di nǹkan mú, tó sì ń yí i. Tó bá jẹ́ ara seat tube (páìpù férémù tí ọ̀pá ìjókòó máa ń wọ̀) tó fẹ̀ tó 28.6 mm ni ẹnu páìpù náà máa jókòó sí, holesaw tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa lò.

Kọ́kọ́rọ́ chuck, tá a fi ń fún chuck tá a sì fi ń tú u, wá ni ọ̀gá wàhálà. Ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀ tó bá ṣì wà nínú chuck, kódà tí ẹ̀fọn bá ń jẹ yín, ẹ yọ ọ́ ná kẹ́ ẹ tó gbá ẹ̀fọn, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ tẹ́ ẹ tan máṣìnì, á fò jáde bí ọta ìbọn.

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yí chuck lẹ́ẹ̀kan nígbà tí iná ò tíì sí lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń kan nǹkan. Spíìdì, ẹ má jẹ́ kó kọjá bíi 200 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ máa kán ọ́ìlì sí i, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ rọra máa ti páìpù lọ síbi holesaw, pàápàá nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ irin àti nígbà tó bá fẹ́ já. Irin wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ gbóná, ó sì mú, búrọ́ọ̀ṣì la fi ń gbá a, kì í ṣe ọwọ́, ẹ sì pa máṣìnì ná.

Tí NEPA bá mú iná lọ lójijì, ẹ pa swíìṣì lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀pọ̀ léètì àtijọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀ tí iná bá padà dé, ọwọ́ yín sì lè wà níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gé e tán, ẹ fi fáìlì pa etí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ki ìka bọ inú ẹ̀. Ẹ gbé e lé seat tube, ẹ gbé méjèèjì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, ẹ fi fáìlì parí ẹ̀, ẹ má dá a padà sórí máṣìnì.