Bí A Ṣe Lè Dá Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́ Mọ̀ Nígbà Tí A Bá Rí I Nínú Ilé Ẹbí

Bí ẹ bá ń tú àjà ilé bàbá ńlá yín, tí ẹ sì bá ìbọn ìléwọ́ kan pàdé nínú àpótí, ẹ má ṣe fa ohunkóhun lára rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀tù tó ti wà nínú ìbọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún ṣì lè bú.

Ọ̀rọ̀ òfin ló kàn. Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, kódà ó dárúkọ àwọn olókùúta ayé àtijọ́, ìyẹn àwọn tí akọ òkúta ń ṣáná sí ẹ̀tù wọn, ní pàtó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpele mìíràn ló fi ṣakabùlà sí. Ẹ pe ọlọ́pàá wá sílé. Ẹ má ṣe gbé e lọ sí tésàn fúnra yín, torí ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà lè má rí àyè ṣàlàyé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ sì máa ti ara fọ́tò náà ṣe ìwádìí.

Ibi tí iná ti ń mú ẹ̀tù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń sọ ọjọ́ orí ìbọn ju ohun gbogbo lọ. Bí òòlù rẹ̀ bá la ẹnu bí ẹ̀mú láti di akọ òkúta mú, tí àwo kékeré tí wọ́n ń da ẹ̀tù sí sì wà níwájú rẹ̀, irú èyí ni wọ́n ń lò ní Yúróòpù láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún títí di nǹkan bí ọdún 1840. Bí ojú òòlù náà bá ní kòtò, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ lé orí ọmú irin kékeré kan tí wọ́n máa ń fi ìdérí bàbà dé, ẹ mọ̀ pé ó wá lẹ́yìn ọdún 1807, nígbà tí Alexander Forsyth, àlùfáà ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí ìlò èròjà tó ń bú bí a bá ti lù ú. Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀pọ̀ olókùúta ni wọ́n sọ di oníbàbà nígbà tó yá, ihò ìdè tí wọ́n dí lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń tú àṣírí náà. Àwọn tó ń gba ọta onídẹ láti ẹ̀yìn kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀; ọdún 1857 ni Smith & Wesson ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn.

Ẹ wá òǹtẹ̀ wàyí, ìyẹn àmì tí ilé ìdánwò ìbọn máa ń tẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n bá ti dán wò. Ara ọ̀pá ìbọn, nítòsí ìdí rẹ̀, ni ó sábà máa ń wà, ó sì máa ń kéré débi pé ẹ ní láti tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè gbé lẹ́tà yọ. Lẹ́tà GP lábẹ́ adé jẹ́ ti London. Ọ̀pá àṣẹ méjì tó gba ara wọn kọjá, pẹ̀lú BPC, jẹ́ ti Birmingham, níbi tí wọ́n dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní 1813. ELG jẹ́ ti Liège ní Belgium, ọdún 1893 ni wọ́n sì tó fi adé lé e lórí. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ nínú ẹbí pé bàbá ńlá yín gbé ìbọn náà lọ sí ogun Ìjàyè ní 1860, tí adé sì wà lórí ELG ọ̀hún, a jẹ́ pé wọn kò tíì rọ ìbọn yìí nígbà ogun náà. Ìtàn lè jẹ́ òótọ́, kó jẹ́ pé ìbọn mìíràn ni bàbá gbé lọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ TOWER lára rẹ̀, kò tó ẹ̀rí. Ilé ìṣúra ohun ìjà ọba ní London ló ni ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò náà máa ń tẹ̀ ẹ́ sára ìbọn ọjà tí wọ́n ń kó wá sí etí òkun wa. Èyí tí wọ́n bá kọ “Made in” sí lára lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán. Bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀, tí kì í sì í ṣe idẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú.

Ẹ má ṣe fi iyanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìpẹtà rẹ̀, nítorí òǹtẹ̀ lè bá a lọ. Ẹ fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ilé àkójọ ohun ìjà bíi Royal Armouries ní Leeds.