Ilé Yín Kò Parí Síbi Fẹ́ńsì: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ilẹ̀ Tuntun Ní Òṣogbo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan pè mí wá wo ilẹ̀ rẹ̀ lápá Òkè-Baálẹ̀. Ó ti kan èèkàn, ó ti ta okùn, àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀ ti gbé ọkọ́ lé èjìká. Mo tẹ̀ lé okùn náà yípo, mo rí i pé fíìtì méjì péré ló máa wà láàárín ògiri rẹ̀ àti fẹ́ńsì aládùúgbò. Mo ní, "Àbúrò, ibo ni afẹ́fẹ́ máa gbà?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ti wọ́n, mi ò fẹ́ kó ṣòfò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ya pílàànù, tí mo sì ń dúró ti àwọn bíríkìlà nílùú yìí. Owó tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé ń sọ nù ń dùn mí bí ẹni pé tèmi ni. N kò ní sọ ti ọmọ onílẹ̀, n kò ní sọ ti sọ́féè tàbí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn tí ìwé bá ti pé ló ń bí mi nínú.

1. Kíkọ́ ilé kún ilẹ̀. Plọ́ọ̀tì wa níbí sábà máa ń jẹ́ fíìtì 50 sí 100. Bí ẹ bá fi fíìtì 10 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, fíìtì 30 ló kù níbùú, ilé oníyàrá mẹ́ta sì máa wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ògiri ẹlòmíràn ni fèrèsé rẹ̀ máa kọjú sí. Ooru á wọlé, èéfín jẹnẹrétọ̀ á wọlé, afẹ́fẹ́ nìkan ni kò ní wọlé. Atẹ́gùn ìgbà òjò máa ń fẹ́ wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn: ẹ ṣí fèrèsé ńlá sí ọ̀nà ibẹ̀, kí ẹ ṣí òmíràn lódìkejì tí atẹ́gùn yóò gbà jáde. Ògiri ìwọ̀-oòrùn sì ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń nà, nítorí náà ilé ìwẹ̀ àti ibi ìkẹ́rùsí ni kí ẹ kó síbẹ̀, kì í ṣe iyàrá tí ẹ máa sùn.

2. Kànga àti sọ́kàwéè nítòsí ara wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

3. Jíjẹ ojú ọ̀nà. Láti ìgbà tí Òṣogbo ti di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991 ni ilé ti ń jáde síhà ọ̀nà Gbọ̀ngán, síhà Ìkìrun, síhà Ìlobùú. Wọ́n á fi fíìtì 30 sílẹ̀ fún ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀. Ẹnì kan á ti fẹ́ńsì síta ní fíìtì mẹ́ta, ẹnì kejì á mọ àtẹ̀gùn síwájú géètì, ẹnì kẹta á kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gọ́tà. Kó tó pẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá méjì ò ní lè yà fún ara wọn. Lóru ọjọ́ kan, ara bàbá kan kò yá ládùúgbò mi, ọkọ̀ kò lè wọlé. Orí àga rọ́bà la gbé bàbá lé, a gbé wọn kọjá ilé mẹ́sàn-án kí a tó dé títì. Ọmọ wọn tó di ẹsẹ̀ àga níwájú mú gan-an ló ti fẹ́ńsì síta jù nínú gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i létí lóru náà.

4. Kọ́ńkéré. Èyí gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Kí ènìyàn kọ́lé tán, kó gé gbogbo igi, kó da kọ́ńkéré láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹnu géètì! Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹrẹ̀, àwọn ò fẹ́ ejò, ewé mángòrò ń dọ̀tí ilẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, oníbàárà kan tó ti Èkó darí wálé ní kí n bá òun ṣe àgbàlá. Igi mángòrò méjì ló wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan kò lè ká ìdí wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ọ̀kan sí. Wọ́n ní, "Ẹńjíníà, ẹ ṣáà ṣe iṣẹ́ yín." Mo ṣe é, torí owó ilé ìwé ọmọ mi kò tíì pé. Kọ́ńkéré ínṣì mẹ́rin, mo sì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ sójú ọ̀nà kí omi má bàa dúró sí àgbàlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, lítà omi kan ni. Plọ́ọ̀tì fíìtì 50 sí 100 jẹ́ nǹkan bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 464. Tí òjò mìlímítà 30 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi náà sún mọ́ lítà 14,000, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ní àádọ́rin. Ilẹ̀ tó ní koríko á mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Òrùlé kì í mu omi, kọ́ńkéré kì í mu omi. Àádọ́rin dúrọ́ọ̀mù láti ilé kan ṣoṣo! Tí ilé mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ wa, ilé ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ nísàlẹ̀ ọ̀nà ni omi náà wọ̀. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àpò mẹ́ta wà lórí pèpéle, èlùbọ́ inú wọn ti di ìṣù dúdú bí amọ̀, ìyá sì ń fi abọ́ gbọ́n omi kúrò nílẹ̀ iyàrá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ṣe ilé òkè yẹn?" Mo ní, "Èmi ni, mà." N kò rí ọ̀rọ̀ míì sọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í da kọ́ńkéré kún àgbàlá ẹnikẹ́ni mọ́, iye yòówù kó mú wá.

Onílé náà fúnra rẹ̀ kò gbádùn. Kọ́ńkéré á mu oòrùn láti àárọ̀, á sì máa tú ooru náà jáde títí di ọ̀gànjọ́. Ó wá ra ẹ̀rọ amúlétutù fún iṣẹ́ tí mángòrò méjì ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó kúrò ní Ọjà Ọba ní agogo méjì ọ̀sán, kó wọ Igbó Ọ̀ṣun. Igbó tó gbà tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, ìlú tiwa ló wà. Òógùn yín á ti gbẹ kí ẹ tó dé etí odò. Òjìji igi àti omi tí ewé ń mí jáde ló ń ṣe é.

Ojú ẹsẹ̀ táyà méjì ni kí ẹ da kọ́ńkéré sí fún mọ́tò. Ibi tó kù, ẹ gbin koríko tàbí kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Ẹ gbé táǹkì sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ẹ gbin igi, ṣùgbọ́n kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ní fíìtì 20.

Fẹ́ńsì gíga náà tún wà o. Láwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, fàráńdà kọjú sójú ọ̀nà, àwọn àgbà jókòó síbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tó ń kọjá àti ọmọ ẹni tó ń ṣeré. Àdúgbò tí gbogbo fẹ́ńsì ti ga tó fíìtì mẹ́wàá, olè ló ń gbádùn ibẹ̀, torí kò sójú tó ń wò ó. Fẹ́ńsì fíìtì mẹ́rin pẹ̀lú irin lórí rẹ̀ ti tó.

Ẹ má sì bo gọ́tà láìfi ihò tí wọ́n lè gbà kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin Òkè-Baálẹ̀ yẹn tú okùn rẹ̀ níṣojú mi. A jọ fi tépù wọn fíìtì 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a tún èèkàn kàn, ó sì ní kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ má fọwọ́ kan igi ọdán tó wà níwájú.