Kí eyín tó ti bàjẹ́ dénú tó di yíyọ

Bí omi tútù bá ta eyín yín, tí ìrora náà sì lọ lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dídí nìkan ló nílò. Àmọ́ bó bá ń ro yín fún ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tẹ́ ẹ gbé omi mì, tàbí tó ń jí yín lóru, kòkòrò ti dé ibi iṣan inú eyín nìyẹn. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ìrora ọ̀hún lè ṣàdédé lọ. Kò san o, iṣan ló kú. Ọyún á wá máa kó jọ sídìí gbòǹgbò. Ampiclox ò lè wò ó, torí kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú eyín tó ti kú tó máa gbé oògùn débẹ̀. Ẹ má sì da omi bátìrì sí i. Ṣe ló ń jó ẹnu.

Root canal, ìyẹn fífọ inú eyín mọ́ àti dídí i láìyọ ọ́, ló kàn. Dókítà eyín á ya x-ray, á gún yín lábẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ kú tipiri, á wá ta awọ rọ́bà yí eyín náà ká, kí itọ́ má wọnú rẹ̀, kí irin má sì já sí ọ̀fun. Ẹni tó bá ní òun ò lo rọ́bà yìí, ẹ wá ẹlòmíràn.

Irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fá inú gbòǹgbò, wọ́n á sì dúró ní nǹkan bíi mìlímítà kan kó tó dópin. Irin ò lè dé gbogbo kọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi hypochlorite (ọmọ ìyá Jik) ṣàn án léraléra. Eyín ńlá àkọ́kọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè sábà máa ń ní ihò mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin ló máa ń fara pa mọ́. Bí wọn ò bá rí i, ìdí eyín náà lè tún wú. Bí ọyún bá ṣì ń jáde, wọ́n á fi oògùn sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá ti gbẹ, wọ́n á fi gutta-percha, oje igi tó dà bíi rọ́bà, dí i pinpin.

Ó lè máa dùn yín fún ọjọ́ mélòó kan tẹ́ ẹ bá fi jẹun. Àmọ́ bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì, ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ yẹn ni o.

Ẹ má fi eyín ẹ̀yìn tí wọ́n ṣe root canal fún sílẹ̀ láìdé e ládé, ìyẹn ìbòrí líle tó ń bo eyín. Ohun tó kù lára rẹ̀ ò nípọn mọ́, eegun ẹran kan ṣoṣo sì lè là á. Bó bá là dé gbòǹgbò, yíyọ ló kù.