Bí mo ṣe dá rin igbó Lapland láìgba amọ̀nà

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Lapland, ní ìhà àríwá Finland, Bàbá Kérésì ló máa ń rántí. Oṣù Kejìlá ni èrò ń rọ́ lọ, owó ilé á sì gbówó lórí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oòrùn kì í yọ rárá lágbègbè Saariselkä fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lásìkò náà. Ilẹ̀ á kàn mọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, á tún ṣú. Ìparí oṣù Kẹta ni èmi mú ní tèmi. Ilẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó ṣú nígbà náà, yìnyín ṣì nípọn, síkì, ìyẹn pákó gígùn téèyàn ń so mọ́ bàtà, sì ń yọ̀ lórí rẹ̀ dáadáa.

London ni mo ń gbé, àmọ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo ń lò, nítorí náà físà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Wọ́n fẹ́ rí ìwé adójútòfò tó tó 30,000 yúrò, wọ́n sì fẹ́ rí ibi tí èèyàn máa sùn. Ahéré ọ̀fẹ́ inú igbó ni mo fẹ́ sùn sí, ahéré ọ̀fẹ́ kì í sì í fúnni ní rìsíìtì! Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo sanwó ibùsùn nínú ahéré tí wọ́n ń háyà, mo fi ti hòtẹ́ẹ̀lì Helsinki kún un. Wọ́n gbà á.

Mo wọ rélùwéè alẹ́ láti Helsinki dé Rovaniemi, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kiilopää, ó ju igba kìlómítà lọ. Ẹnu ọ̀nà igbó ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Urho Kekkonen, ààrẹ Finland nígbà kan rí, pè nìyẹn, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983. Mo háyà síkì níbẹ̀, mo ra máàpù oníwèé, torí òtútù máa ń pa bátìrì fóònù. Inú àpò tó kan àyà ni mo fi fóònù sí, kí n lè rí i pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì ibẹ̀, bí ọ̀ràn bá dé.

Ibì kan nínú igbó náà tó ń jẹ́ Suomunruoktu ni mo kọjú sí. Ahéré ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, ti owó náà sì wà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ ti ọ̀fẹ́, àfi àwọn tó ń fi kíkó èrò ṣòwò. Ẹni tó dá rin ìrìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó débẹ̀, àwọn èèyàn sì ti nà gbalaja lórí pákó. Bàbá kan tí irun rẹ̀ funfun báláú bá kó ẹrù rẹ̀, ó ní kí n wá sùn. Ojú tì mí gan-an. Ta ló bí mi tí àgbàlagbà á máa dìde fún? Mo ní kí wọ́n jókòó, wọn ò gbà. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló ni àyè, torí òun ni òtútù ṣì ń pa. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ má tú ẹrù yín ká.

Ìjọba ló ń kó igi ìdáná síbẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi ayùn gé e, kẹ́ ẹ fi àáké là á. Ẹ kọ́kọ́ ṣí irin tó dí ihò èéfín, ẹ fi èèpo igi tó ń gbiná kíákíá tan ín. Ẹ má pa irin náà dé nígbà tí ẹyinná ṣì ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ olóró rẹ̀ kì í rùn, ó sì ń pààyàn. Bí ẹ bá fẹ́ yọ́ yìnyín, ẹ kọ́kọ́ da omi díẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìkòkò á jó. Omi yìnyín yẹn ni mo fi ro ẹ̀bà. Àwọn ará ilé wò mí títí, ọ̀kan tọ́ ọ wò, ó ní ó kún ikùn. Kí n tó jáde láàárọ̀, mo la igi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, mo sì kọ orúkọ àti ibi tí mò ń lọ sínú ìwé ahéré, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ẹni tó sọnù kọ́kọ́ ń wò.

Mo tún padà lọ ní oṣù Kẹsàn-án, láìsí síkì. Gbogbo òkè ló pupa tó sì pọ́n bí iná, èso igbó sì pọ̀ nílẹ̀. Òfin gbà kí àlejò ká wọn jẹ nínú igbó onígbó, kò sẹ́ni tó máa bi yín.

Oṣù Kẹfà àti Keje ńkọ́? Oòrùn kì í wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lásìkò náà, èèyàn lè rìn láàárín òru. Àmọ́ ẹ̀fọn ibẹ̀! Ti Èkó kò tó nǹkan kan. Wọn kì í kó ibà ranni ṣá. Oṣù Karùn-ún nìkan ni mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó lọ: yìnyín ti rọ̀ jù fún síkì, odò sì kún débi tí èèyàn ò lè fẹsẹ̀ là á kọjá.