Bí mo ṣe fi kóòtù gba gírátúítì mi

Iṣẹ́ fáìlì ni mo ṣe fún ìjọba ìpínlẹ̀ mi, títí ọdún 35 fi pé. Nínú ètò àtijọ́ tí wọ́n gbà mí sí, ẹni tó bá lo ọdún 35 yóò gba gírátúítì, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó tó owó oṣù 36, wọn á sì máa san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó gbà kẹ́yìn fún un. Owó oṣooṣù yẹn ń wọlé ní tèmi. Gírátúítì ni mi ò rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ béèrè, "Mà, ẹ ṣì wà lórí ìlà" ni wọ́n ń wí.

Kí n tó wá lọ́yà rárá ni mo ti ń kó ìwé jọ: ìwé tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, àwọn ìwé ìgbéga, ìwé ìfẹ̀yìntì, àti ìwé tí wọ́n fi ṣírò owó mi. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣòro rí jù, òun náà ló sì wúlò jù, nítorí iye tí ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé òun jẹ mí ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní fáìlì mi ti sọnù. Mo rẹ́rìn-ín. Fáìlì kì í dédé sọnù. Inú fáìlì ẹlòmíì ló máa ń há sí. Mo ní kí ọmọ tó wà nídìí ẹ̀ yẹ fáìlì àwọn tá a jọ fẹ̀yìn tì lóṣù kan náà wò, ó sì bá a níbẹ̀. Mo gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù.

National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni òfin ní ká gbé irú ẹjọ́ yìí lọ. Ọ̀nà méjì ni lọ́yà mi là sílẹ̀. A lè pe ẹjọ́ tí a ó fi máa pe ẹlẹ́rìí, kí tọ̀tún-tòsì máa da ìbéèrè bò wọ́n. A sì lè pe èyí tó jẹ́ pé ìwé ìbúra àti ẹ̀dà ìwé nìkan ni adájọ́ máa yẹ̀ wò. Ẹ̀kejì yìí kò ṣeé lò bí ìjọba bá lè jiyàn iye owó, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá ìṣirò ara rẹ̀ jiyàn? Òun la mú. Abala 210 òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 la gbé e lé, èyí tó ní a kò gbọ̀dọ̀ dá ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ dúró àfi níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á.

Ìyẹn kò ní kó yá o. Agbẹjọ́rò ìjọba á ní àwọn kò tíì rí fáìlì gbà, tàbí pé ọ̀gá òun wà ní kóòtù míì. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹjọ́ mi ti pẹ́ jù, pé oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́. Lọ́yà mi fi ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ hàn wọ́n pé òfin yẹn kò bo àdéhùn iṣẹ́. Kòrónà ti kóòtù pa ní March 2020. Ní April 2021, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ó di June kí wọ́n tó padà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé adájọ́ wa lọ sí ìlú míì, ẹjọ́ sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ níwájú ẹlòmíì.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà tá a mú ti gbè wá. Àwọn tó pe ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ tiwọn ní láti kó wọn padà wá, àwọn míì sì ti kú nínú wọn. Ìwé lásán ni tiwa; adájọ́ tuntun kà á, ó sì dá ọjọ́. Gbogbo ìgbà tí ìjọba bá ní kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, lọ́yà mi á béèrè owó gbà-má-bínú. Owó náà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó wọ inú àkọsílẹ̀, ìdádúró wọn sì dín kù.

Mo tún ṣe ìwé ìhágún. Ẹnìkan tá a jọ ṣiṣẹ́ kú lórí ẹjọ́ tirẹ̀ láìṣe é, àwọn ọmọ ẹ̀ kò sì lè tẹ̀ síwájú títí wọ́n fi gba àṣẹ láti bójú tó ogún bàbá wọn. Ìyẹn nìkan gbà wọ́n lákòókò ju ìgbẹ́jọ́ lọ.

Lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò méjèèjì parí ọ̀rọ̀ wọn, òfin ìpìlẹ̀ fún adájọ́ ní ọjọ́ 90 láti dájọ́. Kò kọjá a. Ó dá mi láre, ó sì fi èlé lé e, nítorí a ti béèrè fún un látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé owó tẹ̀lé ìdájọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí kóòtù gba owó ìjọba tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kọmíṣánnà fétò ìdájọ́, ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbèjà ìjọba. Mi ò mọ ẹni tó gbọ́n irú ọgbọ́n yẹn. A kọ̀wé sí i síbẹ̀. Kó tó fèsì, èlé ti ń pọ̀ sí i, wọ́n sì pè wá láti wá sọ ọ́. A gbà kí wọ́n san án díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n a ní kí kóòtù sọ àdéhùn náà di àṣẹ kí n tó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí ìpín tó kẹ́yìn wọ báńkì ni lọ́yà mi tó kọ̀wé sí kóòtù pé wọ́n ti san án tán.